Màlúù Tó Kú Lọ́nà Caerleon

ÌBÉÈRÈ



Orílé Agége ni mò ń gbé. Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ọba Akran kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ní báyìí, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ mìíràn ni mò ń ṣọ́. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ti pé ọmọ ogún ọdún. Ó ṣe JAMB, máàkì rẹ̀ kò tó, ló bá ní kí òun má jókòó lásán. Ó ń ṣe káṣúà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe náílọ̀n ní Ògbà. Bó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, á ṣe ti òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ géèmù orí fóònù rẹ̀ ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá ti bọ́ọ̀lù, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èyí yàtọ̀. Ó ní ilẹ̀ ńlá kan ni, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń wa irin, àwọn kan ń rọ idà, àwọn kan sì ń jagun. Òun, oníṣòwò ni. Orí màlúù ló máa ń di ẹrù sí, á dà á láti ìlú kan lọ sí òmíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ igbe rẹ̀ nínú yàrá: “Bàbá, wọ́n ti gba màlúù mi!” Ẹ̀rù bà mí, mo sáré wọlé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí òun ti ń kó jọ láti bí oṣù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn màlúù yẹn. Ó ní àwọn mẹ́ta dá òun lọ́nà nínú igbó, àsìkò yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì já, pé nígbà tó fi máa padà dé, òun ti kú, wọ́n ti kó o tán. Mo bi í pé ta la máa fẹjọ́ sùn. Ó ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ṣé kò sí ibì kankan nínú géèmù náà tí wọn kì í ti í dáni lọ́nà ni? Ó ní ó wà, ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò dúró síbẹ̀? Ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.”

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó ti ra màlúù mìíràn.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé tẹ́tẹ́ ni? Ṣé ọ̀nà Yahoo ni wọ́n ń gbà mú un? Ìyá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà kí n là á mọ́lẹ̀. Èmi kò tíì ṣe é, nítorí mo fẹ́ mọ̀: kí ló wà nínú kí wọ́n kóni lẹ́rù, tí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù tún ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà lọ síbẹ̀?

Bàbá kan, Orílé Agége

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì bá mi bẹ ìyá rẹ̀ kó má fọ́ ọ. Ẹni tó ti pé ogún ọdún, tó ń fúnra rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ òru, ọ̀rọ̀ là ń bá a sọ. Àníyàn yín nídìí, n kò fojú kéré e. Ewu wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ẹkún rẹ̀ ti bú jáde kọ́ ló wà.

Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, Albion Online ni géèmù náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sandbox Interactive, ní Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe é. Ọdún 2017 ló jáde fún kọ̀ǹpútà, oṣù kẹfà ọdún 2021 ló dé orí fóònù. Látìgbà náà ni ọmọ Agége tí kò ní ju fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ ti lè bá ọmọ Brazil wà nínú igbó kan náà. Kò gba owó ìwọlé. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ géèmù ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn tó ń gbá a ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun èlò inú rẹ̀ ti ń wá. Idà tí jagunjagun kan gbé dání, ẹlòmíràn ló rọ ọ́, ẹlòmíràn ló sì wa irin rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń mú èrè wá jù. Thetford tó wà ní àbàtà, irin yíyọ́ ni tirẹ̀. Lymhurst tó wà láàárín igbó, ibẹ̀ ni èrè pọ̀ sí jù fún ẹni tó fẹ́ sọ òwú di aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aṣọ, ẹ máa rí ohun tí ẹ mọ̀ níbẹ̀ tó bá fi hàn yín.

Àwọ̀ ni wọ́n fi pín ilẹ̀ náà. Ní ilẹ̀ búlúù, èèyàn ẹlẹgbẹ́ yín kò lè pa yín. Ní ti yẹ́lò, wọ́n lè lù yín bolẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó náwó díẹ̀ láti tún ohun èlò yín ṣe, ẹrù yín ò ní lọ. Tí ẹ bá wọ ilẹ̀ pupa tàbí dúdú, ẹni tó bá pa yín ló ni ohun tó wà lára yín àti ohun tó wà nínú àpò yín, àyàfi èyí tó bá bàjẹ́ níbi ìjà. Géèmù náà kì í fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ yẹn wà lórí máàpù kí ẹ tó ṣí ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ pupa, nọ́ńbà kan tún wà lójú fóònù tó ń sọ iye àwọn tó ti fi ara wọn hàn bí ọ̀tá nínú igbó náà lásìkò yẹn.

Láàárín àwọn ìlú ọba ni ìlú kan wà tó ń jẹ́ Caerleon, ilẹ̀ pupa ló sì yí i ká. Ọjà kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní ìlú yòókù, owó ibẹ̀ sì máa ń dára. Ìdí rèé tí àwọn oníṣòwò fi ń di ẹrù sórí màlúù, tí wọ́n ń forí lé e. Màlúù lágbára láti ru ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè sáré bí ẹṣin. Àwọn ọlọ́sà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dúró dè é. Bí ẹ bá bi í léèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọ̀nà Caerleon ni màlúù tirẹ̀ kú sí. Irú ọkàn tó gbé e lọ síbẹ̀ kò sì ṣàjèjì ní Agége. Obì ló sọ ìlú yín di ọjà ńlá láyé àtijọ́. Àwọn Hausa tó tẹ̀dó síbẹ̀ ń ra gbàǹja, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè Ọya, wọ́n sì mọ̀ pé kòkòrò lè ti jẹ ẹ́ tàbí kó ti rà kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù òfò kò bá wọn débẹ̀. Ọmọ yín ti wo iye ọjà ní ìlú méjì, ó ti ṣírò èrè, ó ti yan ọ̀nà àti ọjọ́, ó sì pàdánù. Ẹkún oníṣòwò tó ṣòfò ló sun. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni.

Àwọ̀ ilẹ̀ yẹn ló dáhùn ìbéèrè yín nípa ẹjọ́. Àwọn mẹ́ta tó dá a lọ́nà kò jalè lójú òfin ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá sí ilẹ̀ pupa ti gbà pé ohun tí òun gbé lọ lè má bá òun bọ̀. Àwọn náà gbé ohun ìjà tiwọn wọ inú igbó ọ̀hún, àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ sì lè kó tiwọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yín ló gbà mí lọ́kàn jù, ìyẹn ohun tó ń fa ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù padà. Àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí ti ń bára wọn jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ yín kò tíì dáyé. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tó di ńlá ni Ultima Online, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997. Richard Garriott ló dá ayé inú rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sì ni ọba ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lord British. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọba jáde sí gbangba láti kí àwọn èèyàn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbé ayé náà ró ti kọ́kọ́ kú, wọ́n sì ti tàn án padà. Garriott kò rántí pé ó yẹ kóun tún tẹ ohun tó ń mú kí ikú má lè pa òun. Ọ̀kan nínú èrò tó wà níbẹ̀ da iná oògùn sí i lára, ọba kú lójú gbogbo ayé. Wọ́n lé ẹni náà kúrò nínú géèmù lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ìtàn yẹn kò kúrò nílẹ̀ títí dòní. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ibi tí a ti lè pa ọba, ohun gbogbo lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò dára fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í rìn jìnnà sí ìlú tí wọ́n á fi pa á, tí wọ́n á kó ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bínú kúrò. Ní ọdún 2000, àwọn tó ni géèmù náà pín ayé náà sí méjì. Wọ́n fi Felucca sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì ṣe Trammel, tó bá a dọ́gba láti orí òkè títí dé etí odò, àfi pé ẹnikẹ́ni kò lè kọlù yín níbẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i. Èrò wọ́ lọ sí Trammel. Ilẹ̀ ìkọ́lé kún. Àwọn àgbà nínú géèmù náà ò tíì parí ìjà lórí rẹ̀: àwọn kan ní Trammel ló gba géèmù là, àwọn kan ní òun ló pa á. Ní tèmi, n kò bá ẹni tó sá lọ wí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹ́ fi wákàtí kan gbin ọgbà inú géèmù, kí ló fẹ́ fi olè ṣe?

Ọ̀rọ̀ RuneScape, géèmù mìíràn, ló jẹ́ kí n rí ìdáhùn ìbéèrè yín kedere. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan, Andrew àti Paul Gower, ti gbé e jáde ní 2001. Aginjù kan wà lókè ilẹ̀ náà, Wilderness ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n ti lè pani kí wọ́n sì kóni lẹ́rù. Nígbà tó yá, àwọn kan ń ta wúrà inú géèmù fún owó gidi, káàdì tí wọ́n jí ni wọ́n sì fi ń san owó àkáǹtì tí wọ́n fi ń wa wúrà náà. Báǹkì ń gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ Jagex tó ni géèmù. Ní oṣù kejìlá 2007, Jagex fòpin sí ìpànìyàn inú aginjù náà. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n tún fi òdiwọ̀n sí bí èèyàn ṣe lè ta nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹni tó fẹ́ fi ohun iyebíye ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ kò lè ṣe é mọ́. Ìdí ni pé ọ̀nà tí ẹ̀bùn ń gbà kọjá ni àwọn oníwúrà náà ń gbà. Àwọn èèyàn fẹ̀hónú hàn nínú géèmù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí Jagex fi ìbò béèrè lọ́wọ́ wọn, ìbò tó wọlé lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan sọ pé kí wọ́n dá méjèèjì padà. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2011 ni wọ́n dá wọn padà.

Bàbá, ẹ wo ohun tó bá aginjù yẹn lọ. Olè lọ, ìtọrẹ náà lọ. Ọwọ́ tó lè fúnni ní nǹkan láìgba àṣẹ, òun náà ni wọ́n lè rẹ́ jẹ. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dí ọ̀kan kí wọ́n má dí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Albion. Alágbẹ̀dẹ tó wà ní Thetford ń jẹun nítorí pé idà àná ti bàjẹ́ lójú ìjà. Ká ní ohun tí wọ́n ti rọ kì í sọnù, láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo ayé á ti ní idà, alágbẹ̀dẹ á ti kógbá wọlé, oníṣòwò tó ń kó ẹrù lọ Caerleon kò ní rí oníbàárà. Ọjà tí ọmọ yín fẹ́ràn, òfò ló gbé e ró. Èyí ni mo gbọ́ nínú ohun tó sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ búlúù. Ó wà láyè níbẹ̀, ó sì ń rí nǹkan wà nínú ilẹ̀. Àmọ́ ìpinnu rẹ̀ kò yí ohunkóhun padà, bó ṣe ọ̀tún bó ṣe òsì, ibì kan náà ló máa já sí.

Ẹ̀yin náà ka Fágúnwà nílé ìwé. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni àwọn Yorùbá ti ń bá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, wọ igbó yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi wọ̀ ọ́, ó jáde, ó tún padà. Ká ní wọ́n ti so gbogbo iwin inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dé ni, kò sí ẹni tí yóò ṣí ojú ìwé kejì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ náà, torí n kò rò pé a lè lóye géèmù rẹ̀ láìmẹ́nu ba ilé iṣẹ́ náílọ̀n. Lọ́dún 1950 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́. Guinness dé Ògbà ní 1962, Dunlop ń ṣe táyà, ẹ̀rọ aṣọ ń dún. Ẹni tó bá ríṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, ó ní ìwé, ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó mọ ọjọ́ tí owó ń wọlé. Dunlop dáwọ́ táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì. Káṣúà ni wọ́n fi ṣe ọmọ yín. Ẹlòmíràn ló ń yan ṣíìfìtì fún un, ẹlòmíràn ló ń pinnu bóyá kó padà wá ní Mọ́ńdè. Bó bá ṣe dáadáa, iye kan náà ni. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á pe ẹlòmíràn lẹ́nu géètì. Ewu wà nínú iṣẹ́ náà: irin gbígbóná tó ń lẹ náílọ̀n pọ̀, ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń gé e, òru tó ń gbé oorun wá. Òun kọ́ ló yan ewu wọ̀nyẹn, kò sì sí àwọ̀ tó fi hàn án lórí máàpù. Inú géèmù nìkan ni ibi tí wọ́n ti sọ fún un pé, ibí yìí léwu, èrè rẹ̀ nìyí, òfò rẹ̀ nìyí, ìwọ lo ni ìpinnu. N kò lè bá ọmọ ogún ọdún wí pé ó ń padà síbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá yín ṣàníyàn ni ibi tí ewu inú géèmù bá ti yọ jáde kúrò nínú géèmù. Owó ni àkọ́kọ́. Wọ́n ń ta wúrà Albion fún owó gidi, wúrà yẹn sì ṣeé pààrọ̀ sí fàdákà tí wọ́n fi ń rajà inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: màlúù kejì tó rà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ló fi rà á? Bó bá ní òun padà sí ilẹ̀ búlúù lọ wa irin, òun tà á, òun fi ra màlúù kékeré, ẹ lọ sùn. Géèmù ni. Tẹ́tẹ́ tó wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ Agége, náírà yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà kí ẹ tó mọ ibi tó máa já sí. Nínú Albion, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní owó ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ òun lòun fi ra wúrà láti lè padà gba ohun tí wọ́n kó, ohun tó ń ṣe ti ń di tẹ́tẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ gbèsè ni. Kí ó má ṣe ní káàdì ATM kankan nínú fóònù yẹn, pàápàá jù lọ tiyín.

Ní ti Yahoo, géèmù náà kọ́ ló ń kọ́ ọ, àmọ́ àwọn tó ń rìn yí i ká lè kọ́ ọ. Ẹnì kan á wá bá a pé òun fẹ́ ra fàdákà rẹ̀ ní náírà tàbí dọ́là. Òfin Albion lòdì sí i, àkáǹtì rẹ̀ lè bá a lọ. Olùrà náà sì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ayédèrú tàn án, kò sì sí ibi tó lè fẹjọ́ sùn. Èyí tó burú jù ni ẹni tó máa sọ pé kó bá òun fi àkáǹtì báǹkì rẹ̀ gba owó kan, pé kó yọ tirẹ̀ níbẹ̀ kó fi ìyókù ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí EFCC bá tọpa owó yẹn, orúkọ ọmọ yín ni wọ́n máa bá. Ẹ sọ èyí fún un láìfi bò.

Nẹ́tíwọ̀kì tó já lójú ìjà, ó máa tún já. Kọ̀ǹpútà tó gbé géèmù yìí ró kò sí ní Nàìjíríà. Títí di 2024 tí wọ́n ṣí ti Yúróòpù, ti Amẹ́ríkà ló yá jù fún wa láti lò. Abẹ́ òkun ni ọ̀rọ̀ wa ń gbà dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún náà, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, báǹkì pàápàá ò lè ṣiṣẹ́ ní Èkó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti màlúù. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já, ara ẹni á ṣì dúró sínú igbó fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ á bá a níbẹ̀. Ọmọ Jámánì tó ń gbá géèmù kan náà kò ru ewu yìí. Ọmọ yín ń ru ti igbó, ó tún ń ru ti Èkó lé e. Àwọn àgbà EVE Online, géèmù ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ṣe ní Iceland ní 2003, ní òfin kan tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tuntun: ọkọ̀ tí o kò bá lè ra òmíràn rẹ̀, má wà á jáde. Ẹnu wọn gbà á, nítorí ní oṣù kìíní 2014, ìjà kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ọ̀sán àti òru, ọkọ̀ tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí 300,000 dọ́là sì run. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yín lójú èmi kò ju pé ó di ẹrù oṣù mẹ́ta sẹ́yìn màlúù kan ṣoṣo lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ì bá gbé.

Oorun ló kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ń bá gbá géèmù wà ní ilẹ̀ tí ojúmọ́ ti yàtọ̀ sí tiwa, ìjà ńlá lè bẹ̀rẹ̀ lágogo méjì òru. Ẹni tó bá ti ṣe èyí mọ́jú, tó wá dúró nídìí ọ̀bẹ ẹ̀rọ, ohun tó lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà Caerleon. Bóyá iṣẹ́ ọ̀sán ló ní lọ́sẹ̀ yẹn tàbí ti òru, kó sọ fún ẹgbẹ́ tó ń bá gbá a pé òun kò ní sí níbẹ̀ lásìkò tó yẹ kóun sùn. Ẹgbẹ́ tí kò bá gba èyí, kó fi wọ́n sílẹ̀, òmíràn pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì jọ jókòó, ẹ béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ náà fún un. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ti ọdún 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, ó sì dárúkọ káṣúà mọ́ àwọn tó kàn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i nídìí ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Kó máa kọ ọjọ́ tó lọ síbi iṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó yan iṣẹ́ fún un sílẹ̀ sínú fóònù kan náà, láti òní lọ.